Ìgbànú Tí Ń Fa Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Bí Àwọn Ènìyàn Ṣe So Ẹ̀rọ Mọ́ Kẹ̀kẹ́

  Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé, ẹ má jẹ́ kí gígùn ọ̀rọ̀ òní dẹ́rù bà yín. Ẹ máa fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti mọ kẹ̀kẹ́, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí a fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìgbànú. Kì í ṣe èyí tí a fi ń di sòkòtò mọ́ ìdí. Ìgbànú ẹ̀rọ ni. Ẹni tó bá ti gbé àgbàdo lọ sí ilé ẹ̀rọ ti rí i rí. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ọlọ wà lápá kejì. Ohun pẹlẹbẹ kan tó gùn ló yí àwọn méjèèjì ká. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ohun pẹlẹbẹ náà a máa sáré, a sì máa fa ọlọ. Bí ó bá já, ẹ́ńjìnnì lè pariwo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àgbàdo kò ní kúnná. Ohun pẹlẹbẹ yẹn ni ìgbànú. Ohun róbótó tí ìgbànú ń gbá mọ́, tí ó sì ń yí, ni a ó máa pè ní púlì.

Ìgbànú kò le bí irin. Ó ń yọ̀, ó ń fà, ó sì ń já. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn ayé láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Léraléra ni àwọn tó ń so ẹ̀rọ mọ́ kẹ̀kẹ́ ń padà sídìí ìgbànú. Wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á tún wá a wá. Kí ló dé? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyẹn.

ÌṢÒRO TÓ WÀ LÁÀÁRÍN Ẹ̀RỌ ÀTI KẸ̀KẸ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí a fi nílò ohun kan láàárín ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rọ kékeré fẹ́ràn eré. Bí kò bá yí kíákíá, kò ní agbára. Ó lè yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ yí tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ a rìn tó mítà 2. Bí ó bá yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ̀kẹ́ a rìn mítà 6000. Ìyẹn ni kìlómítà 360 ní wákàtí kan. Ta ni yóò gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé?

Nítorí náà, a ní láti dín eré ẹ̀rọ kù kí ó tó dé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Púlì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. A fi púlì kékeré sára ẹ́ńjìnnì. A fi púlì ńlá sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. A fi ìgbànú yí wọn ká. Bí púlì ńlá bá fẹ̀ ní ìlọ́po 10 ju púlì kékeré lọ, púlì kékeré yóò yí ní ìgbà 10 kí púlì ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré dínkù, ṣùgbọ́n agbára láti fa ẹrù pọ̀ sí i. Ohun tí a pàdánù nínú eré, inú agbára ni a ti rí i gbà padà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Gbogbo ìtàn tó kù, orí rẹ̀ ló dúró lé.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ DÁN AN WÒ

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní 1817, ní ìlú Mannheim ní Jámánì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Karl Drais fi igi ṣe ohun kan tó ní ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò ní pẹ́dáàlì. Ẹni tó bá jókòó lé e a máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kí ó tó lè lọ. Ní àwọn ọdún 1860, ní Párìsì, ilé iṣẹ́ Pierre Michaux ń ṣe kẹ̀kẹ́ tó ní pẹ́dáàlì lára ẹsẹ̀ iwájú.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Láàárín 1868 sí 1871, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Guillaume Perreaux, gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé kẹ̀kẹ́ Michaux. Oru omi gbígbóná ló ń yí ẹ̀rọ náà. Kí ni Perreaux fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn? Ìgbànú méjì ni.

Kì í ṣe èèṣì. Ní ayé ìgbà náà, bí ilé iṣẹ́ ṣe rí ní Yúróòpù nìyẹn. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni ó máa ń wà nínú ilé iṣẹ́. Ìgbànú awọ ni ó ń gbé agbára rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó kù. Gbogbo oníṣẹ́ irin ló mọ bí a ṣe ń gé awọ, bí a ṣe ń rán an, àti bí a ṣe ń fà á le. Ohun tó wà nílé ni wọ́n mú lò.

Lẹ́yìn náà ni a dé ọdún 1885. Ní Cannstatt ní Jámánì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe ẹ̀rọ kan tó fúyẹ́, tí epo ń yí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè fa ọkọ̀. Wọ́n kan férémù igi kan tó jọ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà sí abẹ́ àga rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Agbára rẹ̀ kò ju ìdajì agbára ẹṣin kan lọ. Ó lè sá tó kìlómítà 12 ní wákàtí kan, bíi ti ẹni tó ń sáré jẹ́jẹ́.

Ìgbànú ló so ẹ̀rọ yẹn mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ìgbànú náà bá dẹ̀, ẹ̀rọ a máa yí lásán, kẹ̀kẹ́ a dúró. Bí ẹni tó gùn ún bá fẹ́ lọ, a fa ohun kan kí ìgbànú lè le. Nígbà tí ìgbànú bá ti le, ó di púlì mú, kẹ̀kẹ́ a sì gbéra. Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó! Dídẹ̀ ìgbànú, tí à ń pè ní àléébù, ni wọ́n sọ di iṣẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n nílò láti já ẹ̀rọ kúrò lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ọmọ Daimler gùn ún láti Cannstatt lọ sí Untertürkheim. Ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ gbaná lójú ọ̀nà, nítorí ibi gbígbóná ẹ̀rọ náà wà ní abẹ́ rẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ayé ti rí i pé ẹni tó bá jókòó lé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iná wà.

KẸ̀KẸ́ ÀWỌN WERNER

Kẹ̀kẹ́ Daimler kò dé ọjà. Ìdánwò ni ó jẹ́. Àwọn tó sọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rọ di ohun tí ènìyàn ń rà ní Párìsì ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tó ti Rọ́ṣíà wá, Michel àti Eugène Werner. Ní 1897, wọ́n mú kẹ̀kẹ́ lásán, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré ka orí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ìgbànú awọ kan sọ̀kalẹ̀ láti ara ẹ̀rọ lọ sára púlì ńlá tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Motocyclette. Orúkọ yẹn ni àwọn Faransé ń pe alùpùpù títí di òní.

Àwọn ènìyàn rà á, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà. Ẹrù rẹ̀ ga, iwájú sì ni ó wà. Bí ọ̀nà bá rin, iwájú a yọ̀, kẹ̀kẹ́ a dojú dé. Ní 1901, àwọn Werner gbé ẹ̀rọ náà kúrò lókè. Wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ní agbègbè ibi tí pẹ́dáàlì máa ń wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ alùpùpù wà títí di òní. Ẹrù tó wà nísàlẹ̀ kì í tètè gbé ènìyàn ṣubú. Obìnrin tó ń di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ ọjà mọ èyí dáadáa.

ÒJÒ DÉ, AWỌ YỌ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ìgbànú ló gba ayé alùpùpù. Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1903, ìgbànú awọ ni ó kọ́kọ́ lò. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ìgbànú ni.

Ṣùgbọ́n awọ ni awọ ń jẹ́. Bí oòrùn bá mú un, a le gbagidi. Bí òjò bá rọ̀ sí i, a máa fà gùn, a sì máa yọ̀ lórí púlì. Ẹ̀rọ á máa ké, kẹ̀kẹ́ kò ní lọ. Ní orí òkè, nígbà tí ẹrù bá wúwo jù, níbẹ̀ gan-an ni yóò ti yọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun alùpùpù nígbà yẹn máa ń mú ìgbànú mìíràn dání, pẹ̀lú irin kékeré tí wọ́n fi ń so èyí tó já.

Àwọn oníṣẹ́ wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n kíyè sí i pé ìgbànú pẹlẹbẹ máa ń tètè yọ̀. Wọ́n wá gé ẹ̀gbẹ́ ìgbànú kí inú rẹ̀ tín-ín-rín, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú púlì bíi lẹ́tà V kí ìgbànú lè rì sínú rẹ̀. Bí ìgbànú yìí bá ti ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń há sí i láàárín ògiri púlì, bí èèkàn tí a ń gbá wọlé sínú igi. Wọ́n tún fi rọ́bà àti aṣọ líle rọ́pò awọ, nítorí omi kì í tètè ba ìyẹn jẹ́.

Ọgbọ́n kejì tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní nǹkan bí 1908, ilé iṣẹ́ Zenith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta alùpùpù kan tí wọ́n ń pè ní Gradua. Púlì ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ògiri méjì tó lè sún mọ́ra, tó sì lè jìnnà síra. Bí ògiri bá sún mọ́ra, ìgbànú a gòkè nínú púlì, púlì a wá dà bí èyí tó tóbi. Kẹ̀kẹ́ á máa sáré. Bí ògiri bá jìnnà síra, ìgbànú a rì sísàlẹ̀, púlì a dà bí èyí tó kéré. Eré á dínkù, agbára á pọ̀ fún orí òkè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a sì sún síwájú tàbí sẹ́yìn kí ìgbànú má bàa dẹ̀. Ọgbọ́n yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé Zenith kúrò nínú àwọn ìdíje gígun òkè kan, pé àǹfààní rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ náà kò bínú. Ó fi lílé tí wọ́n lé e polówó ọjà rẹ̀.

Síbẹ̀, ṣéènì irin ń bọ̀. Ní 1911, wọ́n ṣe ìdíje alùpùpù ńlá kan ní erékùṣù Man, tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìdíje náà gba ojú ọ̀nà tó gun òkè ńlá ibẹ̀. Àwọn alùpùpù Indian láti Amẹ́ríkà, tí ṣéènì ń fà, ló gba ipò kìíní, ipò kejì àti ipò kẹta nínú ìdíje àwọn alùpùpù ńlá. Gbogbo ayé rí i. Ṣéènì ní eyín, nítorí náà kì í yọ̀. Láàárín ọdún bíi 15 sí i, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ alùpùpù ti fi ìgbànú sílẹ̀.

Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ nígbà náà yóò sọ pé ìgbànú ti kú. Kò kú.

ÌGBÀNÚ PADÀ SÍDÌÍ KẸ̀KẸ́ MẸ̀KÚNNÙ

Alùpùpù ńlá ti di ti olówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ lásán ńkọ́, tí ó fẹ́ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn?

Ní Amẹ́ríkà, ní 1939, ilé iṣẹ́ kan ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Whizzer. Kì í ṣe odidi kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀rọ àti ohun èlò rẹ̀ ni, kí ẹni tó rà á lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ tó ti ní nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, rólà kan ni wọ́n fi ń ti táyà ẹ̀yìn. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n rólà tó ń ha táyà a máa jẹ táyà, bí táyà bá sì tutù, a máa yọ̀.

Ní 1942, ilé iṣẹ́ náà pa rólà tì, ó sì mú ìgbànú rọ́bà onígun V. Púlì ńlá kan ni wọ́n ń fi ìkọ́ dè mọ́ wáyà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ogun ń jà nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ni wọ́n gbà láyè láti rà á, kí wọ́n lè tètè dé ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ogun, gbogbo ènìyàn lè rà á, ó sì tàn kálẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò lo ṣéènì? Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ṣéènì kò mọ ìdáríjì. Bí púlì eléyín rẹ̀ bá yà díẹ̀, a yọ kúrò tàbí a já. Bí ẹ̀rọ bá fà lójijì, gbogbo fífà náà ni yóò dé ara wáyà kẹ̀kẹ́, a sì ṣẹ́ wọn. Ìgbànú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fà lójijì, ìgbànú a yọ̀ díẹ̀, a sì tún dì mú. Yíyọ̀ tí à ń bú u sí ni ó gba kẹ̀kẹ́ là. Kẹ̀kẹ́ lásán kò ní eegun alùpùpù. Ohun tó rọ̀ ni ó yẹ kí a fi fà á.

MOBYLETTE TÍ A MỌ̀

Nísinsìnyí, a ti dé ilé wa.

Ní àwọn ọdún 1920, Charles Benoit àti Abel Bardin dá ilé iṣẹ́ Motobécane sílẹ̀ ní Pantin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Párìsì. Ní 1949, lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ará Faransé, wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rọ kékeré kan. Wọ́n pè é ní Mobylette. Ihò ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbà ju ìdá kan nínú ìdá 20 lítà lọ. Ó ní pẹ́dáàlì bíi kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà, ó lé ní mílíọ̀nù 10 Mobylette tí wọ́n ṣe.

Ẹ rántí ìṣirò wa. Bí a bá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rin kìlómítà 18 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ń yí ní ìgbà 3000. A ní láti dín eré náà kù ní ìlọ́po 20. Bí púlì kékeré bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, púlì ńlá yóò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 100. Ìyẹn ni mítà 1! Ó tóbi ju ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Kí ni a ó ṣe?

A ó pín iṣẹ́ náà sí méjì. Bí a bá kọ́kọ́ dín in kù ní ìlọ́po 4, 3000 á di 750. Bí a bá tún dín in kù ní ìlọ́po 5, 750 á di 150. Ohun tí Mobylette ṣe nìyẹn. Ìgbànú ti ara ẹ̀rọ lọ sára púlì ńlá kan ní ìdí pẹ́dáàlì. Láti ibẹ̀, ṣéènì gbé e lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìgbànú ń ṣiṣẹ́ níbi tí eré ti pọ̀, tí fífà kò tíì le. Ṣéènì ń ṣiṣẹ́ níbi tí eré ti dínkù, tí fífà ti le. Wọn kò lé ìgbànú tàbí ṣéènì jáde. Wọ́n fi kálukú sí ibi tó yẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fi púlì tí ògiri rẹ̀ ń sún sára àwọn Mobylette kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yára, ògiri púlì a sún mọ́ra fúnra rẹ̀, ìgbànú a gòkè. Ẹ̀rọ náà ń fì níbi tí wọ́n so ó kọ́, sípíríǹgì sì ń fà á kí ìgbànú má bàa dẹ̀. Ọgbọ́n Zenith ti 1908 nìyẹn, tó padà wá lára kẹ̀kẹ́ mẹ̀kúnnù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀ mọ́. Peugeot 103, tó jáde ní 1971, ìgbànú ni òun náà lò.

Nígbà tí ilẹ̀ wa ń jẹ́ Dàhọ̀mì, àti lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ di Benin ní 1975, ta ni kò mọ ariwo Mobylette? Bí ó bá kọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó gùn ún lè máa wà á ní pẹ́dáàlì dé ilé. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù ńlá gba ìlú, tí iṣẹ́ zémijan sì gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Èdè Fọ̀n ni orúkọ yẹn, ó túmọ̀ sí pé "gbé mi kíá". Ṣéènì ló ń fa ọ̀pọ̀ alùpùpù zémijan. Motobécane wọ gbèsè, àwọn Yamaha ti Japan wọlé, orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì di MBK ní àwọn ọdún 1980.

Ìgbànú tún kú bí? Rárá. Ní 1980, Harley-Davidson, tó ti fi ìgbànú sílẹ̀ nítorí ṣéènì ní nǹkan bí 70 ọdún ṣáájú, tún gbé alùpùpù onígbànú jáde. Ṣùgbọ́n ìgbànú yìí ní eyín nínú, ó sì ní okùn líle nínú rọ́bà rẹ̀, kí ó má bàa yọ̀, kí ó má sì fà. Ọ̀pọ̀ sìkútà tí ẹ ń rí lónìí, tí kì í béèrè pé kí ènìyàn yí jíà, ìgbànú àti púlì tí ògiri rẹ̀ ń sún ni ó wà nínú rẹ̀.

ÀWỌN TÓ FI ỌWỌ́ ARA WỌN ṢE É NÍ KÚBÀ

Ẹ jẹ́ ká sọdá òkun lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú nígbà kan rí. Soviet Union ló ń ta epo fún Kúbà. Nígbà tí Soviet Union tú ká ní 1991, epo wọ́n gógó. Mọ́tò dúró sójú kan. Ìjọba ra kẹ̀kẹ́ láti Ṣáínà, ó lé ní mílíọ̀nù 1.

Àwọn tí ọ̀nà wọn jìn kò fẹ́ máa wa pẹ́dáàlì lójoojúmọ́. Wọ́n mú ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn, tàbí ẹ̀rọ ìfami omi, tàbí ẹ̀rọ ayùn ìgégi, wọ́n dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Ìgò ike ni wọ́n fi ṣe àgbá epo. Wọ́n ń pe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní rikimbili. Ohun tí ọwọ́ kálukú bá tẹ̀ ni ó fi so ẹ̀rọ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Ìjọba kò fọwọ́ sí i. Bí ọlọ́pàá bá mú un, wọ́n lè gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Lápá kan, ẹni tí ebi ń pa ní láti dé ibi iṣẹ́. Lápá kejì, ìjánu kẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Wọn kò ṣe é fún ẹ̀rọ. Ìgò epo tó wà nítòsí iná ẹ̀rọ kò sì yàtọ̀ sí àga ọmọ Daimler tó gbaná ní 1885.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ KỌ́ WA

Bí ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkaníìkì bá ní òun fẹ́ so ẹ̀rọ mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tí àwọn tó ṣáájú ti fi ìyà kọ́.

Kìíní, kí ó ṣe ìṣirò kí ó tó gé irin. Kí ó mọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí, kí ó sì pín ìdínkù eré sí méjì bí ó bá pọ̀ jù. Púlì tí kò bá ara wọn mu ni ó ń sọ kẹ̀kẹ́ di pòsí.

Èkejì, kí púlì méjèèjì dúró lórí ìlà kan gbọọrọ. Kí ó na okùn láti ọ̀kan dé èkejì, kí ó fi wò ó. Bí ọ̀kan bá yà, ìgbànú á máa jẹra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì já.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbànú má le jù, kí ó má sì dẹ̀ jù. Bí ó bá dẹ̀, a yọ̀, a gbóná, a jóná. Bí ó bá le jù, a jẹ ibi tí púlì ti ń yí. Bí a bá fi ìka tẹ àárín rẹ̀, ó yẹ kí ó rọ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí púlì kékeré má sún mọ́ púlì ńlá jù. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ìgbànú kò ní gbá púlì kékeré mọ́ dáadáa, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa yọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó má fi epo tàbí gírísì kan ìgbànú. Ṣéènì fẹ́ epo, ìgbànú kò fẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹfà, kí ó bo ìgbànú. Ìró, agbádá, ìka ọmọdé, ìgbànú kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ibi tó bá ti dì mọ́ púlì ni yóò fà á lọ. Àwọn obìnrin tó ń lọ àgbàdo ní ilé ẹ̀rọ mọ ìdí tí a fi ń so ìró le kí a tó súnmọ́ ọn.

Èkeje, tó ga ju gbogbo wọn lọ: kí ó tún ìjánu ṣe kí ó tó tan ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń lọ, tí kò mọ bí a ṣe ń dúró, kò tíì mọ nǹkan kan.

Kí wá ni ìdáhùn ìbéèrè wa? Ìgbànú ń padà wá nítorí pé ó rọ̀. Rírọ̀ rẹ̀ ni àléébù rẹ̀, òun náà sì ni iyì rẹ̀. Ó ń gba ìjàǹbá sára kí ẹ̀rọ má bàa fọ́, kí kẹ̀kẹ́ má bàa ṣẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ojú lásán sì ni a fi ń rí ibi tó ti ń bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ àléébù ohun tó ní lọ́wọ́, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, yóò jẹ èrè rẹ̀ pẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ló dé tí a fi ń fi púlì kékeré sára ẹ̀rọ, tí a sì ń fi púlì ńlá sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́?
2. Kí ni òjò máa ń ṣe fún ìgbànú awọ?
3. Kí ló dé tí Mobylette fi lo ìgbànú àti ṣéènì pọ̀?
4. Ẹ̀rọ kan ń yí ní ìgbà 2400 ní ìṣẹ́jú kan. A dín eré rẹ̀ kù ní ìlọ́po 4, a tún dín in kù ní ìlọ́po 5. Ìgbà mélòó ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò yí?
5. Ẹ lọ wo ìgbànú tó wà ní ilé ẹ̀rọ abúlé yín. Ṣé wọ́n bò ó? Bí wọn kò bá bò ó, kí ni ẹ lè ṣe?